Kẹ́ ẹ tó ra SSD fún iṣẹ́ fídíò, ẹ kọ́kọ́ bi kámẹ́rà yín léèrè

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra díráìfù tí màá fi máa gé fídíò, ṣé SSD 1TB ni kí n rà àbí háàdì-dísíkì 4TB, torí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba."

Ọ̀sẹ̀ méjì kì í kọjá kí irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì báyìí má tún wọlé sórí WhatsApp mi. Èyí tó wọlé kẹ́yìn, ọmọ kan tó ń ya ìgbéyàwó n'Íbàdàn ló fi ránṣẹ́. Mo bi í pé kámẹ́rà wo lò ń lò, mélòó lẹ sì máa ń gbé lọ sóde lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ṣèbí díráìfù lòun ń béèrè. Mo ní mo gbọ́, dá mi lóhùn ná. Torí ẹni tó ń fi fóònù gé fídíò ìṣẹ́jú kan fún TikTok ń ṣe fídíò, ẹni tó kó kámẹ́rà mẹ́ta lọ sí òwàḿbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ náà ń ṣe fídíò, àmọ́ díráìfù tí ẹni kejì ò lè ṣe kó má nìí, owó ègbé ni fún ẹni àkọ́kọ́.

Díráìfù ni ibi tẹ́ ẹ ń kó fáìlì pa mọ́ sí, háàdì-dísíkì ní àwo tó ń yí nínú, SSD jẹ́ ṣíìpù lásán. Kámẹ́rà ló ń sọ iye dátà tó ń dà sílẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdù kọ̀ọ̀kan, díráìfù sì gbọ́dọ̀ lè gbé iye yẹn láìmí gúlegúle. Ibi tó ti ń rú èèyàn lójú ni pé èdè táwọn méjèèjì ń sọ ò dọ́gba. Kámẹ́rà ń fi Mbps kà, b kékeré, bíìtì nìyẹn. Díráìfù ń fi MB/s kà, B ńlá, báìtì nìyẹn, bíìtì 8 ló sì wà nínú báìtì 1. Sony A7 III tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ya òde, 100Mbps ló fi ń gba fídíò 4K, èyí tó mọ́ kedere gan-an, sílẹ̀. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, ó di 12.5MB/s. Ṣé ẹ rí i pé kò tó nǹkan? Wákàtí kan rẹ̀ jẹ́ 45GB. Tí kámẹ́rà 3 bá ya wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, 540GB nìyẹn, ẹ ò tíì ka dúróònù o, ẹ ò tíì ka ohùn tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ oní-mikísà.

(Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: háàdì-dísíkì àkọ́kọ́ tí IBM gbé jáde lọ́dún 1956, àwo 50 ló wà nínú ẹ̀, ó tóbi ju fíríìjì lọ, gbogbo ohun tó sì lè gbà kò ju nǹkan bíi 5MB lọ. A7 III á kún un kí ìyàwó tó ṣẹ́jú.)

Ó dáa. Kámẹ́rà 3 lórí táímláìnì kan (ibi tẹ́ ẹ ń to fídíò sí láti gé e), 12.5 lọ́nà 3, 37.5MB/s ni. Háàdì-dísíkì lásán tó ń yí 5400 ní ìṣẹ́jú kan lè ka 100MB/s tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti 7200 ńlá inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì a máa dé 200. Kí ló wá dé tí fídíò fi ń já, tó ń dúró, tó ń fò bí ẹni tí òsúkè mú, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé kámẹ́rà mẹ́ta pa pọ̀ látorí háàdì-dísíkì?

Abẹ́rẹ́ ni. Ẹ rántí àwo gírámafóònù bàbá yín, abẹ́rẹ́ kan ló ń rìn lórí ẹ̀, ibi tó bá wà lẹ ó gbọ́. Bí háàdì-dísíkì ṣe rí nìyẹn, àwo ń yí, apá kan ń lọ ó ń bọ̀ lórí ẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo tó tẹ̀ lé ara wọn, á kà á geere. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó ka kámẹ́rà kìíní, kó fò lọ ka ìkejì, kó fò lọ ka ìkẹta, kó tún sáré lọ gbé ohùn wá, fífò kọ̀ọ̀kan yẹn ń jẹ nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdù 10 sí 15. Fídíò tó jẹ́ àwòrán 25 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní mìlísẹ́kọ́ǹdù 40 péré. Ẹ fò lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin, àkókò ti tán, ẹ ò sì tíì ka nǹkan kan. SSD ò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́, ṣíìpù lásán ni, fífò tiẹ̀ ò pé mìlísẹ́kọ́ǹdù kan rárá. Ìyàtọ̀ tó wà nínú SSD fún ẹni tó ń gé fídíò nìyẹn gan-an, nọ́ńbà gàgàrà tí wọ́n kọ sára páálí ò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sáré lọ ra nǹkan o, ẹ dúró. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni fídíò ń já tí díráìfù ò sì jẹ̀bi. Àwọn kámẹ́rà tuntun ń fún fídíò pọ̀ gan-an kó lè kéré, irú ìfún tí wọ́n ń pè ní H.265 oní 10-bit wà lára èyí tó le jù, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ló sì máa tú u, kì í ṣe díráìfù. Lórí Windows, ẹ ṣí Task Manager sílẹ̀ nígbà tí fídíò ń já lọ́wọ́, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Disk sí àti ibi tí wọ́n kọ CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti GPU (ọpọlọ tó ń bójú tó àwòrán) sí. Bí Disk bá wà ní 100%, díráìfù ni, ẹ lọ ra tuntun. Bí Disk bá wà ní 5% tí CPU sì ti ń làágùn ní 100%, SSD tó ń sáré jù láyé ò lè gbà yín, proxy lẹ máa ṣe, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà fídíò yẹn tó fúyẹ́, kẹ́ ẹ fi gé e, tó bá kù díẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e jáde ni sọ́fítíwíà á dá ògidì padà. Mo mọ ẹnìkan tó ra NVMe (irú SSD tó yá gan-an) olówó ńlá nítorí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó gbé e wọlé, fídíò ń já bó ṣe ń já tẹ́lẹ̀.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà ṣá. Àwọn tó ń lo irú fáìlì fídíò tí wọ́n ń pè ní ProRes, fáìlì tiẹ̀ rọrùn fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà láti tú, àmọ́ ó sanra. 4K oní ProRes 422 HQ ní àwòrán 25, 737Mbps ni, nǹkan bíi 92MB/s, wákàtí kan jẹ́ 332GB. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 276MB/s. Níbẹ̀ yẹn, háàdì-dísíkì kan ṣoṣo ti kú tán, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ọjà tẹ́ ẹ ní SSD lẹ fẹ́ rà, wọ́n á da oríṣiríṣi síwájú yín. Èyí tó rí pẹlẹbẹ bí páálí sìgá, SATA nìyẹn, kò lè kọjá nǹkan bíi 550MB/s láéláé torí ọ̀nà tó ń gbà kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó rí tín-ínrín bí ìlà ṣingọ́ọ̀mù, M.2 nìyẹn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rí èèyàn mú. M.2 jẹ́ orúkọ bó ṣe rí lásán, kò sọ bó ṣe ń sáré. M.2 kan wà tó jẹ́ SATA, 550 kan náà ni tiẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ NVMe, ìyẹn ló ń lọ bíi 3500MB/s tó bá jẹ́ PCIe 3.0 (PCIe ni ọ̀nà tí NVMe ń gbà), nǹkan bíi 7000 tó bá jẹ́ 4.0, 5.0 sì ti kọjá 10,000. Ẹ wo ẹnu ẹ̀: tó bá ní ibi méjì tí wọ́n gé lára wúrà ẹnu ẹ̀, SATA ló sábà máa ń jẹ́, tó bá jẹ́ ẹyọ kan, ó sábà máa ń jẹ́ NVMe. Ẹ má fi ojú nìkan gbẹ́sẹ̀ lé e o, ẹ ka ara ẹ̀. Ẹ sì wò ó bóyá ihò tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yín gba NVMe, torí àwọn ìgbà kan wà tí láptọ́ọ̀pù ní ihò M.2 àmọ́ tó jẹ́ SATA nìkan ló gbà. Nọ́ńbà 2280 tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìwọ̀n ara ẹ̀ ni, mìlímítà 22 ní ìbú, 80 ní gígùn, kò kan eré rárá.

Èmi lójú tèmi o, ẹni tó ń ya òde tó ń gé 4K, PCIe 3.0 ti pọ̀ jù fún un. 276MB/s la sọ pé ProRes kámẹ́rà mẹ́ta ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, òun ní 3500. Èyí tó ń sáré 10,000, ooru ara ẹ̀ nìkan tó ìjọ̀ngbọ̀n, tí ooru bá sì mú un, á rẹ eré ẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ mú owó tó kù lọ ra díráìfù kejì.

Ọ̀rọ̀ wáyà wá nìyí. Ẹni tó bá ra SSD tí wọ́n ń so mọ́ ìta láptọ́ọ̀pù, wáyà àti ihò ló máa sọ bó ṣe máa sáré. Ẹnu tó rí róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní USB-C, ẹnu lásán ni, wáyà tẹ́ ẹ fi ń ṣáàjì fóònù ní ẹnu yẹn, inú ẹ̀ sì lè jẹ́ USB 2.0, 480Mbps, ẹ tún pín in sí ọ̀nà 8, 60MB/s lórí ìwé, lójú ayé kì í ju 40 lọ. Ẹ fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ so SSD olówó iyebíye, ẹ ti sọ ọ́ di fíláṣì ọdún 2008. Àwọn tó ṣe USB yìí náà ò tún ràn wá lọ́wọ́, wọ́n kọ́kọ́ pè é ní USB 3.0, wọ́n yí i sí 3.1 Gen 1, wọ́n tún yí i sí 3.2 Gen 1, nǹkan kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ má dá orúkọ lóhùn, ẹ wá nọ́ńbà Gbps ni: 5 máa fún yín ní nǹkan bíi 450MB/s, 10 máa fún yín ní 1000 ó dín díẹ̀, Thunderbolt 3 àti 4, irú ihò míì tó ń lo ẹnu USB-C, jẹ́ 40. Fún iṣẹ́ wa yìí 10 ti dáa. 20 náà wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ Mac ò mọ̀ ọ́n, á kàn sọ ọ́ di 10 ni.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbi tó kàn yìí torí òun ni wọn kì í kọ sára páálí. Àwọn SSD kan máa ń sáré bí àgbọ̀nrín ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá yá wọ́n á wá máa rìn bí ìjàpá. Nínú ọ̀pọ̀ SSD, ibì kan wà tó dà bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kó ẹrù sí wàràwàrà, tó bá ráyè á wá tò ó sínú yàrá. Tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá kún, ẹ ó wá rí eré ẹ̀ gidi. Àwọn tí wọ́n ń pè ní QLC, bíìtì 4 ni wọ́n ń fún mọ́ inú ihò kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rọ̀ lówó, ìdí nìyẹn náà tí kíkọ sínú wọn fi ń falẹ̀. TLC jẹ́ 3, ó dáa jù fún wa. Ẹ wo Samsung 870 QVO 1TB, Samsung fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síta: 530MB/s ni kíkọ sínú ẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn bíi 42GB, ó di 80. Ẹ fi kó 500GB ìgbéyàwó, 42 àkọ́kọ́ á lọ fìà, 458 tó kù á gba wákàtí kan àtààbọ̀ ó lé. Háàdì-dísíkì ò bá yá jù ú lọ! Mi ò ní kò dáa o, tó bá jẹ́ ká kà látinú ẹ̀ ni, ó yá dáadáa, àmọ́ ẹni tó ń da mẹ́mọ́rì káàdì sílẹ̀ lóru Sátidé tó ní òde míì lọ́jọ́ Sunday, kó má rà á.

Háàdì-dísíkì náà ní irú ẹ̀tàn tirẹ̀. SMR ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo páànù orí òrùlé, bí ọ̀kan ṣe gun ẹ̀yìn èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tẹ dátà lé ara wọn kó lè gba púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páànù kan láàárín, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí àwọn tó gùn ún. Ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń kọ ẹ ń pa, ẹ ń kọ ẹ ń pa. Lọ́dún 2020 ariwo sọ nígbà tí Western Digital gbà pé SMR wà nínú àwọn WD Red kan tí wọ́n ń tà fún NAS, àpótí díráìfù tí wọ́n ń so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, láìkọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tí kì í ṣe SMR ń jẹ́ CMR. Àwọn kékeré tí wọ́n ń fi wáyà kan ṣoṣo so mọ́ láptọ́ọ̀pù, SMR ni ọ̀pọ̀ wọn. Fún kíkó iṣẹ́ tó ti parí sí, kò sí wàhálà, ẹ rà á. Fún gígé lórí ẹ̀, rárá.

Nípa ayédèrú, èmi fúnra mi ti jìyà ẹ̀. Mo ra "SSD" 16TB lọ́wọ́ ẹnìkan ní owó tí kò tó ti 1TB gidi, ojúkòkòrò ni, mo gbà. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, Windows ní 16TB, mo kó fídíò ìkómọjáde kan sí i, orúkọ fáìlì pé, títóbi ẹ̀ pé. Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣí i, dúdú. Nígbà tí mo fọ́ ikùn ẹ̀, mẹ́mọ́rì káàdì kékeré kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́nú ẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ láti máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà, tó bá ti kún, á máa kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Látìgbà yẹn, díráìfù yòówù kí n rà, sọ́fítíwíà H2testw ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé e lórí Windows, ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux ní F3. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n á kọ nǹkan sínú ẹ̀ títí á fi kún, wọ́n á wá kà á padà wò. Á pẹ́ o, ẹ jẹ́ kó sun ibẹ̀. Tí 1TB bá wá fi 931GB hàn yín lórí Windows, ẹ má bá ontajà jà, kò rẹ́ yín jẹ, 1000 lẹni tó ṣe é fi ń kà, 1024 ni Windows fi ń kà.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ náà, mi ò bú yín, èmi náà ń rà á. Ẹ gbé láptọ́ọ̀pù dání dé Computer Village, ẹ fi sọ́fítíwíà CrystalDiskInfo wò ó lójú ẹni tó ń tà á, ibi tí wọ́n kọ Power On Hours sí máa sọ wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n kọ Reallocated Sectors sí, ìyẹn iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí díráìfù ti pààrọ̀, tó bá ti kúrò ní òdo, ẹ dá a padà fún un. Bí ó bá ní òun ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ so ó mọ́ nǹkan, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ṣé SSD wá ni àbí háàdì-dísíkì? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Ìkòkò tó wà lórí iná ni SSD, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sè lọ́wọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Háàdì-dísíkì ni àká, iṣẹ́ tó bá jinná kẹ́ ẹ kó o lọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi SSD ṣe àká, owó á tán, àti pé ṣíìpù tí kò rí iná fún ọdún pípẹ́ lè gbàgbé ohun tẹ́ ẹ fi sínú ẹ̀, torí iná ló fi há a mọ́nú. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé kíkọ ń jẹ SSD, ẹ fọkàn balẹ̀. Samsung 870 EVO 1TB, 600TB ni wọ́n dúró fún, ẹni tó bá ń kọ 200GB sínú ẹ̀ lójoojúmọ́, ọjọ́ 3000 nìyẹn, ọdún mẹ́jọ.

Àká gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì ṣá. Òfin 3-2-1 tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan, sọ di gbajúmọ̀ ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ 3, lórí oríṣi ohun èlò 2, kí 1 wà níbòmíràn. RAID, ìyẹn síso díráìfù pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan, ò dípò èyí o. RAID 0 so díráìfù méjì pọ̀ kó lè yá, tí ọ̀kan bá kú, méjèèjì kú. RAID 1 ń kọ nǹkan kan náà sí méjèèjì, tẹ́ ẹ bá fi àṣìṣe pa fáìlì rẹ́, á pa á rẹ́ ní méjèèjì.

NEPA náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí iná bá lọ nígbà tẹ́ ẹ ń kó fáìlì sórí díráìfù tẹ́ ẹ fọ́ọ́mátì sí exFAT (ọ̀nà kan tí díráìfù ń gbà to fáìlì), ó lè ba àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ jẹ́, kò ní ìwé tó ń kọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. NTFS ní in. Ẹni tó jẹ́ Windows nìkan ló ń lò, kó fi NTFS ṣe é. Mac lè ka NTFS àmọ́ fúnra ẹ̀ kò lè kọ nǹkan sí i, nítorí náà exFAT ló rọrùn jù fún ẹni tó ń lo méjèèjì, kó ra UPS fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ẹ̀, kó má sì fa wáyà yọ láìtẹ eject.

Ọmọ Ìbàdàn yẹn dáhùn nígbẹ̀yìn pé A7 III méjì lòun ń lò, láptọ́ọ̀pù òun ní ihò M.2 kan tó ṣófo. Mo ní kó ra NVMe 1TB oní TLC, PCIe 3.0, kó tì í sínú ihò yẹn, ìgbéyàwó méjì á gba ibẹ̀ pọ̀ dáadáa, kó ra háàdì-dísíkì 2TB méjì dípò 4TB kan, kí ọ̀kan wà nílé ìyá ẹ̀ ní Mọ́níyà, kó sì má fọ́ọ́mátì mẹ́mọ́rì káàdì títí méjèèjì á fi gba ẹ̀dà tiwọn. Ó ní ilé ìyá òun jìnnà. Mo ní ìdí tí mo fi yan ibẹ̀ nìyẹn.